Gàrí tí Mọ́ládé Bù Wá

Ṣakí, oṣù kejì, 1983

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Ara mi le, oúnjẹ ilé ìwé sì ń tó mi. Mo kọ̀wé sí yín lóṣù tó kọjá pé ooru ló mú kí n fá irun mi. Irọ́ ni mo pa. Mọ́ládé, ọmọ kíláàsì mi, ló fá a, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dì mí mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Bàbá.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mọ́ládé ti ilé wọn ní Ìgànná dé, ó bu gàrí wá fún mi. Mo ní, "Ìwọ kọ́kọ́ mu ún." Ó mu ún. Ó ní, "Mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Kò nà mí. Ó ní kí n jókòó, ó bi mí ní ohun tó ń dùn mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Má bínú sí mi."

Mo mu díẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń bá mi pọn omi, ṣùgbọ́n mo máa ń gbóòórùn omi náà kí n tó wẹ̀, torí mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló jẹ́ kí èmi náà sọ òótọ́ fún yín.

Ẹ bá mi kí Àwáwù àbúrò mi. Mọ́ládé ní kí n bá òun kí yín. Mo ti bá a kí yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá a lóhùn.

Ọmọ yín,
Àsíátù