Kọ́tìnì Ilé Tí Wọ́n Máa Ń Sun

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Ìyàwó mi, Rùngbọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lónìí. Ẹni tí ẹ jọ ń kọ́ àwọn panápaná níṣẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ṣí fìlà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú." Ẹ̀gbọ́n ta ni? Irùngbọ̀n yẹn funfun ju irun orí mi lọ.

Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti dé. Wọ́n nílò ilé pákó kékeré tó kù — èyí tí o kàn kẹ́yìn, tó wà lórí tábìlì ní pálọ̀ wa. Ó fẹ́ sun ún níwájú wọn kí wọ́n rí bí iná ṣe ń rìn nínú ilé. Mo ní màá rò ó. Irọ́ ni. Mi ò ní rò ó rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Rárá ni.

Ọjọ́rú, 6

Eléèéfín mi, mo jókòó ti ilé náà lónìí. Ògiri iwájú rẹ̀ ṣì ń ṣí bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwọ lo máa ń kan pákó, èmi ni mo máa ń rán kọ́tìnì fèrèsé rẹ̀, kékeré bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. O máa ń gbé e lọ láàárọ̀, o máa ń dé nírọ̀lẹ́ — òórùn èéfín nínú irun rẹ, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ. Ẹ̀rín kí ni? Ta ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀?

Mi ò rí ọ̀kan kó jó rí. O ní ẹni tí kò bá wọ aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Rùngbọ̀n ń wọ̀ ọ́. Lójoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́.

"Aṣọ òwú ni mo ní kẹ́ ẹ fi rán an, Bàbá, kì í ṣe owú." Bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Ó ń ta mí lára, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Oníbàárà kan tó mú síkẹ́ẹ̀tì wá fún àtúnṣe béèrè pé, "Ìyàwó yín tó jẹ́ panápaná, iná ló pa á, àbí?" Gbogbo wọn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Lórí àga, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Ì bá wù ú kó jẹ́ iná.

Àbámẹ́ta, 9

Ó tún dé, ilé ló wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ wa ló ṣílẹ̀kùn fún un — "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá Panápaná" — òun ló tún gbé omi fún un. Àbẹ́là ń jó lórí tábìlì. Rùngbọ̀n fẹ́ ẹ pa, ó ṣáná, ó gbé iná ìṣáná sínú èéfín tó ń gòkè. Iná sáré gba inú èéfín sọ̀ kalẹ̀, ó tún mú àbẹ́là. Ọmọ wa pariwo. Rùngbọ̀n ní, "Ìda àbẹ́là fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jó o. Bó bá gbóná, á di oru, oru yẹn ló ń jó. Bí ti pákó náà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀gá ló kọ́ mi."

Ọ̀gá ló kọ́ ọ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi lo ti ṣe é fún mi, lọ́jọ́ tí iná mànàmáná lọ, tí mi ò tíì mọ orúkọ rẹ. Mo rò pé èmi nìkan lo ṣe é fún láyé.

Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ń fọ àwo tó mọ́.

Àìkú, 10

Ọmọ wa ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ilé yẹn ṣe gan-an? Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ máa gbé inú rẹ̀ ni?" Mo kígbe mọ́ ọn. Nígbà tó yá mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n sun ún, pé iṣẹ́ rẹ ni. Mo ní bí wọ́n bá máa sun ún, ojú mi ni wọ́n máa ṣe é. Mo fẹ́ rí ohun tí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ń rí.

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo lọ.

Mo gbé ilé náà sórí itan nínú mọ́tò, Rùngbọ̀n ń wakọ̀ bíi pé ẹyin la kó. Obìnrin ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ yín wo ilé náà, ó wò mí: "Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Kọ́tìnì?" O ò sọ fún mi rí pé mo ní orúkọ níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní aṣọ iṣẹ́ tó lè gba irú mi méjì. Ẹni tó rán ìdí ṣòkòtò yẹn kò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Rùngbọ̀n tan iná sí bẹ́ẹ̀dì kékeré ní yàrá ìsàlẹ̀. Kọ́tìnì mi ló kọ́kọ́ mú. Ó di eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò yọ́, kò di kókó — òwú gidi. Èéfín gòkè, ó kan àjà, kò rọ́nà lọ, ó tẹ́ bẹẹrẹ, ó wá ń nípọn bọ̀ nísàlẹ̀. "Ẹ fi iná sílẹ̀," Rùngbọ̀n ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Èéfín ni kẹ́ ẹ máa wò. Òun náà ń jó."

Ó ti ògiri iwájú pa. Iná rẹlẹ̀, ó ṣókùnkùn. Ọmọkùnrin kan ní ó ti kú. "Kò kú o! Ooru wà níbẹ̀, ohun tó máa jó wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni iná ń wá." Lóòótọ́, èéfín ń jáde níbi àlàfo pákó, ó tún ń fà wọlé, bí ẹni tó ń mí. Ó wá fi irin gígùn fa ògiri náà ṣí. *Vùùù!* Gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fò sẹ́yìn. Ó lẹ́wà, Eléèéfín. O ò sọ fún mi pé ó lẹ́wà.

Rùngbọ̀n ní, "Ọ̀gá máa ń sọ pé…" Kò parí rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé èéfín ló wọ̀ ọ́ lójú. Èmi tí mo bá ọ gbé, mo mọ ojú tí èéfín wọ̀. Èyí kì í ṣe èéfín.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo béèrè: "Ṣé o fẹ́ràn ìyàwó mi?" Ó pa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Mi ò sọ ọ́ rí. Bó bá mọ̀, kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ló máa ń sọ ṣáá, títí á fi sú mi."

Mo ní kó máa wakọ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Mo jàre. Látọjọ́ yìí wá, mo jàre. Kò dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe rò.

Àìkú, 17

Tábìlì pálọ̀ fẹ̀ jù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ wa á sunkún. Ó ti sú àwọn oníbàárà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè sú, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 20

Mo ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó gbé pákó dání.

Àbámẹ́ta, 23

Ó wá. Kò jókòó títí mo fi ní kó jókòó. Kò mọ pákó kàn bíi tìẹ, igun ilé tuntun tó ń kàn wọ́. Mo ń rán kọ́tìnì rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní kẹ́ ẹ tó tan iná, o máa ń kan ilẹ̀kùn kékeré náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wà nílé?" Gbogbo kíláàsì á dáhùn pé, "Wọ́n ti jáde!" Ìwọ á wá rẹ́rìn-ín títí wàá fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn nìyẹn. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ.

Ó wá gbé òòlù dání, ó ń wo ẹnu mi. Mo mọ ohun tó ń dúró dè: ìtàn tèmi nípa rẹ. Mo fi eyín já òwú. Mo sọ fún un pé o máa ń bẹ̀rù òróró gbígbóná, pé ọmọrí ìkòkò lo fi máa ń bojú bí o bá ń din ẹyin.

"Ọ̀gá? Ọ̀gá tèmi?"

"Ọ̀gá tìẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ojú, ó sún àga mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ó tún kù, àbí?"

Mo ní ó parí síbẹ̀. Ó kù, Eléèéfín mi, ó kù púpọ̀. Mi ò fún un.