Kérésìmesì Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kejìlá

Ohun tó bàjẹ́ nìyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Warwick ò ní sí nílé lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa lò níbi ìwakùsà lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe méjì. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni bàálù máa tó gbé e wálé.

Ilé-iṣẹ́ kọ́ ló dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀sẹ̀ ìsinmi rẹ̀ fún Jarrod tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó sì gba ti Jarrod.

Àwọn tó mọ̀: Jarrod. Kasey, ìyàwó Jarrod. Ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Glenys, ìyá ọkọ mi — láti oṣù Kẹwàá.

Ẹni tí kò mọ̀: èmi.

Ibi tí mo ti gbọ́ ọ: ibi táwọn ọmọ ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Kasey gbé ọmọ tuntun sáyà, ó sáré wá dì mọ́ mi. Ó ní, "O ṣeun tó o jẹ́ kí Warwick ṣe é fún wa. Ká ní èmi ni, mi ò ní gbà." Ó ní ìyá Warwick náà ti ń bá wọn yọ̀ láti oṣù Kẹwàá. Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo di bẹ́líìtì mọ́ àwọn ọmọ nínú mọ́tò, mo wakọ̀ wálé, mo sì jókòó sínú mọ́tò náà fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọlé.

Pupa — bí mo ṣe ń pe Warwick nínú ìwé yìí, nítorí erùpẹ̀ pupa ibi ìwakùsà tí kì í tán nínú etí rẹ̀ — wà nínú ilé yìí títí di àárọ̀ Sátidé. Ó jẹun. Ó di báàgì. Ó dúró níwájú fíríìjì níbi tí mo lẹ ètò Kérésìmesì mọ́, tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ó péye." Ó lọ.

Ọjọ́rú, 11

Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní ọmọ Jarrod ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe bí ìdílé nìyẹn. Mo ní mi ò bá ọmọ jà. Mo ní kí ló dé tí ò fi sọ fún mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, wàá gbé kọ̀ǹpútà jáde láti tún ètò ṣe ni."

Kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó dáa. Ìpinnu: a máa sún Kérésìmesì síwájú. Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí bàbá ń bá bàálù lọ síbi ìwakùsà ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá Kérésì mọ ọjọ́ tí bàálù ń dé, ó sì ń dúró. Tiwa: Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Ewu tó wà níbẹ̀: àwọn ọmọ. Ìjì (Fergus, ọmọ ọdún mẹ́ta) ò mọ àná yàtọ̀ sí ọ̀la. Adájọ́ (Imogen, ọdún mẹ́fà àtààbọ̀, kò sóhun tí kì í dá lẹ́jọ́) mọ orúkọ àwọn ọjọ́, ṣùgbọ́n kì í ka kàlẹ́ńdà. Ilé-ìwé ń tilẹ̀kùn lọ́la. A ò ní tan tẹlifíṣọ̀n. A ò ní lọ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó kù ni àdúgbò.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Ilé mọ́kànlá. Mo tẹ bébà kan fún ilé kọ̀ọ̀kan: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí àwọn ọmọ wa kú ọdún kó tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, tẹ́ ẹ bá máa gbé kẹ̀kẹ́ tuntun jáde, ẹ gba ẹ̀yìn ilé.

Gbogbo wọn gbà. Des tó ń gbé ní òdìkejì títì nìkan ló fi mí ṣẹ̀sín. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkọ̀ ojú irin ló fi ogójì ọdún wà. Ó gbé awò ojú wọ̀, ó ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o ti bá Póòpù sọ ọ́?"

Mo ní àdúgbò ni mo kọ́kọ́ ń mójú tó.

"Gbogbo ọdún tí mo fi wakọ̀, wọn ò fún mi ní ìwé ìtọ́ni tó gún tó báyìí rí. Bàbá Kérésì oníròbà mi tí mo máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ńkọ́, ṣé kó sùn sínú gáréèjì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

"Ó yé mi, ọ̀gá." Ó ká bébà sápò. Ó wá ní, "Ta ló máa wà lọ́dọ̀ ẹ lọ́jọ́ karùndínlọ́gbọ̀n?"

Mo ní ọjọ́ yẹn ò sí nínú ètò. Ọjọ́rú lásán ni.

Àìkú, 15

Adájọ́ bi mí pé oorun mélòó ló kù. Mo ní mẹ́rìnlá. Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, Mọ́mì."

Ọjọ́rú, 18

Glenys gbé púdìn wá. Mi ò fún un ní tíì kí n tó bi í.

Ó ní, "Mo ní kó sọ fún ẹ. Mo sọ ọ́ tó."

"Màmá, oṣù méjì. Ẹ máa ń pè mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ dá sí i." Ó ń fi ọwọ́ ra aṣọ tábìlì. "Mo rò pé o ti mọ̀ bí Kérésìmesì ṣe máa ń rí lára Warwick. Lẹ́yìn ti èṣí."

Mo ní ti èṣí báwo? Ilé-iṣẹ́ ló dá a dúró léṣìí.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde, ó lọ ń fọ ife tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò.

Nítorí náà: èṣí náà. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ láti dúró síbi iṣẹ́. Kò sí ọmọ tuntun kankan léṣìí. Mo sunkún lórí fóònù léṣìí, mo bú ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ń sọ pé, "Kò burú, kò burú, wọn ò ní í ṣe é mọ́."

Àbámẹ́ta, 21

Bàálù tó yẹ kó gbé e wálé kọjá lórí ilé ní aago méjì kọjá. Mò ń sá aṣọ. Mi ò gbójú sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Ooru. Omi dídì ti tán nílé epo. Fóònù ò dún.

Ọjọ́rú, 25

Ọjọ́rú lásán.

Mo ti ronú kan gbogbo nǹkan: tẹlifíṣọ̀n, rédíò, ilé mọ́kànlá, Glenys, olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ní aago mẹ́sàn-án ilé ti gbóná bí inú ààrò, Ìjì ń ju bàtà lu ògiri, ni mo bá kó wọn lọ sétí òkun. Mo wà níbi ìgbọ́kọ̀sí kó tó yé mi ohun tí mo ṣe. Gbogbo ìlú wa, Busselton, ló wà níbẹ̀. Ibo ni wọ́n tún fẹ́ lọ lọ́jọ́ Kérésìmesì? Àtíbàbà lórí iyanrìn láti ibí dé afárá onígi tó wọ inú òkun, edé nínú kúlà, àwọn ọkùnrin tó ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú adé bébà lórí. Ẹnì kan kí mi kú ọdún kí n tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ìjì na ọwọ́. "Mọ́mì, Bàbá Kérésì mẹ́rin ń wẹ̀."

Mo ní wọ́n ń ṣe ìdánrawò ni. Ó gbà. Ó sáré lọ wò wọ́n.

Adájọ́ ò sáré. Ó di ìka mi mú, ó rọra sọ ọ́ kí àbúrò rẹ̀ má gbọ́: "Mọ́mì, mo mọ̀ pé òní ni. Mísìs Okely olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó pé Ọjọ́rú ni. Mi ò sọ fún Fergus."

Mo ní kí ló dé tí ò fi sọ fún mi.

"O ti lẹ ètò tuntun náà mọ́ fíríìjì."

A dúró síbẹ̀. Iyanrìn ń jó wa lẹ́sẹ̀. Ó wá bi mí bóyá inú mi máa dùn tí òun bá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run forí jì mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdílé kan na sọ́sééjì sí wa láti abẹ́ àtíbàbà wọn, wọ́n ní ká wá jókòó. Mo dúpẹ́, mo ní ẹnì kan ń dúró dè wá nílé. Kò sẹ́nì kankan.

Pupa pè ní ọ̀sán. Kó tó mọ̀ pé mo ti gbé e, mo gbọ́ ọ. Ó ń kọrin. Ariwo ọkùnrin pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwo ń dún, ẹnì kan ní, "Warwick, o ń bú ramúramù bí màlúù," gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rín. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó bi mí pé kí làwọn ọmọ ń ṣe. Mo ní gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe wà nínú ètò.

Ọdún mẹ́rin. Bóyá márùn-ún. Mi ò rántí ìgbà tó kọrin kẹ́yìn nínú ilé yìí.

Àbámẹ́ta, 28

Ó dé. Erùpẹ̀ pupa ní ihò omi balùwẹ̀ (bó ṣe máa ń rí). Àwọn ọmọ so mọ́ ọn lọ́rùn. Ó fẹnu kò mí lẹ́nu, ó yí sí fíríìjì, ó ń wá orúkọ rẹ̀.

Àìkú, 29

Kérésìmesì.

Aago mẹ́fà, ẹ̀bùn. Adájọ́ tí ń fò, tó ń ké, tó ń sọ pé òun ò tiẹ̀ rò ó. Ó ṣe é dáadáa. Ó ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́ẹ̀kan ó yọjú wò mí láti ẹ̀gbẹ́ àpótí bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Des gbé Bàbá Kérésì oníròbà rẹ̀ jáde. Ó ní, "Ẹ kú ọdún, ẹ̀yin apẹ́lẹ́yìn." Glenys mú púdìn kejì wá, kò jókòó tì mí. Hámù, edé, mángòrò, èso ṣẹ́rì. Kò sóhun tí mo gbàgbé. Kò sóhun tó pẹ́.

Pupa gé ẹran. Ó wá sọ́dọ̀ mi. "Kí ló kàn?" Ó gbé àga síta. "Kí ló kàn?" Ó kó ìdọ̀tí. "Kí ló kàn, ọ̀gá?" Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí di ìrọ̀lẹ́. Kò fi ṣẹ̀sín. Ìyẹn ló burú níbẹ̀.

Níbi tí a ti ń fọ àwo ni mo ti bi í nípa ti èṣí. Ó nu àwo kan gbẹ kó tó dáhùn. Ó ní nígbà tó bá wọlé jẹun níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì, ẹnì kan máa gbé àwo fún un, á ní, jókòó, jẹun. Kò ju ìyẹn lọ. Ó ní, "Níhìn-ín, mo wà lábẹ́ ẹ bíi pé o gbà mí síṣẹ́."

Mo ní tí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló máa ṣe é? Ta ló ra ẹ̀bùn tí ìwọ náà fọwọ́ sí lónìí? Ǹjẹ́ o mọ ìwọ̀n bàtà Fergus?

Kò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "O ò béèrè lọ́wọ́ mi rí kó o tó kọ ọ́."

Mi ò béèrè rí.

Nígbà náà ni mo sọ ti etí òkun fún un. Ti Adájọ́. Pé ọmọ ọdún mẹ́fà ń ṣe eré fún àwa méjèèjì kí ojú má bàa tì wá. Ó jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ẹ̀yìn rẹ̀ lára kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́. Kò béèrè ohun tó kàn.

Ọjọ́ Ajé, 30

Ó kó àwọn ọmọ lọ pẹja. Wọn ò mú ìpara oòrùn dání. Mo rí i lórí tábìlì. Mi ò sáré tẹ̀lé wọn.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kìíní

Ètò tó wà lára fíríìjì, mo ti já a. Ibi tó wà funfun ju ìyókù lọ.

Mo pe ilé-iṣẹ́ wọn láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn tó bá fẹ́ wà nílé ní Kérésìmesì tó ń bọ̀ ní láti kọ orúkọ sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Pupa ń padà síbẹ̀ lọ́túnla. Mi ò lè dúró kó tún lọ síbẹ̀, kí ìyá rẹ̀ gbọ́, kí Kasey gbọ́, kó tó kàn mí.

Ohun tí mo kọ nìyí. Mo ti fi sínú bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún.

*Warwick,*

*Sọ fún mi bóyá o fẹ́ wà nílé ní Kérésìmesì tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò fẹ́ "a máa wò ó."*

*Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ lo máa ṣètò rẹ̀, ìwọ àtàwọn ọmọ. Mi ò ní kọ ìlà kan. Tí ẹran bá jóná, a máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ kẹ́nì kan gbé àwo fún mi, kó ní kí n jókòó.*

*Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní jà. Màá kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Albany, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n gan-an la sì máa ṣe é. Mi ò tún ní sún un fún ẹnikẹ́ni mọ́, Imogen ò sì ní í ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mọ́.*

*Má rán ìyá rẹ. Má dúró dìgbà tó o bá débi iṣẹ́ kó o tó pè. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi, ní tábìlì ilé ìdáná, lọ́la, ọjọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù.*