Kòtò Kékeré Tó Ń Dúró Dè Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n tí inú ń bí mi sí,

Ẹ má retí pé n óò kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Láti àná tí a ti dé láti erékùṣù yín ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Bí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ilé Tàǹtí àbúrò yín ni mo wà ní Ìdáàṣà, lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé tí Tàǹtí ń sá iṣu sí. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, èyí tí ẹ kò kọ́ mi. Inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ nílẹ̀ Faransé, lẹ́yìn tí ẹ lọ tán. Tàǹtí ní bí mo bá ń sọ ọ́, bíi fádà tó ń ka ìwé mímọ́ ni mo rí. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ròyìn erékùṣù yẹn? Bí yìnyín bá ti bo fèrèsé wa, ẹ ó ní àárín odò Wẹ̀mẹ̀ ló wà, iyanrìn rẹ̀ funfun bíi gàrí, ibẹ̀ ni ìyá yín ń gbin ilá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni wọ́n bí yín sí nínú ahéré, ibẹ̀ lẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ títí ojú yín á fi pọ́n. Ohun tí mo sì sọ fún Tàǹtí náà nìyẹn: mo fẹ́ rí i. Ó wò mí títí.

"Ọlọ́run ṣeun, ìyá mi. A ó lọ ní Sátidé. Ọjọ́ kan náà la ó lọ, la ó bọ̀."

Ìyá mi ló ń pè mí, ó ní mo jọ ìyá yín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Èmi di aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, búrẹ́dì, àti ìpara tí kì í jẹ́ kí oòrùn jó ni. Òun di ọkọ́ kékeré, aṣọ funfun tuntun, àti omi inú akèǹgbè. Mi ò béèrè ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣeré jáde níbí nìyẹn.

Bàbá ọlọ́kọ̀ tó gbé wa kọjá odò mọ̀ yín. Yòvó ló pè mí, òyìnbó nìyẹn.

"Ọmọ ta ni yòvó yìí?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹni tó gbé ọkọ̀ bàbá yín láìtọrọ, tó sì mú un rì."

"Háà, olè yẹn! Kí ọmọ rẹ̀ wá máa gbọ́n omi, ọkọ̀ yìí náà ń jò."

Ó ju igbá sí mi. Mo gbọ́n omi títí a fi gúnlẹ̀.

Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò ta nǹkan kan. Iyanrìn, koríko, ọ̀pẹ mẹ́fà àti àwọn lékeléke. Mo rìn ín já kí n tó làágùn. Inú mi dùn, Bàbá. Mo bọ́ bàtà, mo fẹ́ kó sómi, ni Tàǹtí bá pè mí.

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ tí ìyá yín sin ìwọ́ yín sí. Ó ti gbẹ́ kòtò kan tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ó tẹ́ aṣọ funfun náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Ó yá, gbé e wá."

"Kí ni kí n gbé wá, Tàǹtí?"

"Bàbá ẹ. Èékánná bàbá ẹ, irun bàbá ẹ. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń mú un wálé nìyẹn. Ṣé kò sọ fún ẹ ni?"

Bàbá, kí ni kí n wí? Mo sọ òtítọ́. Mo ní a ti sun òkú yín. Mo ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ pàṣẹ ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, pé ká fọ́n eérú yín sí ọgbà tó wà níbi tí wọ́n ti ń sun òkú, pé ẹ ò fẹ́ di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí. Tàǹtí ká aṣọ náà ní méjì, ó tún un ká ní mẹ́rin. Ì bá kúkú pariwo mọ́ mi! Mo ní kó gé irun tèmi, ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

"Rárá o! A kì í sin alààyè."

Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ bo kòtò náà. Bàbá ọlọ́kọ̀ wúkọ́.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí òjò á fi kún odò, tí omi á bo erékùṣù yìí, kòtò yẹn ò lọ síbì kankan."

Nígbà tí à ń bọ̀, igbá tí mo fi ń gbọ́n omi ṣẹ́ mi ní èékánná. Tàǹtí ṣa á nílẹ̀ ọkọ̀, ó dì í mọ́ etí aṣọ mi.

"Má fi ara ẹ sílẹ̀ káàkiri."

Ìgbà yẹn ni mo rántí agolo yín. Agolo ìpara aláwọ̀ búlúù, nínú balùwẹ̀! Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn sí orí itan, tí ẹ ó gé èékánná, tí ẹ ó kó o sínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ta sábẹ́ àga, ẹ ó kúnlẹ̀ wá a. Mo rò pé ìmọ́tótó ni. Lọ́jọ́ tí mo palẹ̀ ẹrù yín mọ́, mo ṣí i, ó rí mi lára, mo fi ọwọ́ ara mi dà á sí pàǹtí.

Ẹ mọ̀! Ẹ ti di ẹrù yín sílẹ̀, ẹ ò sọ ibi tó ń lọ. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ di ẹrù lé wa lórí. Ẹrù wo ló wá wúwo ju èyí lọ? Ṣé ojú ló tì yín? Ṣé ẹ̀rù bà yín pé n óò fi yín rẹ́rìn-ín? Òótọ́ ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ǹ bá sì gbé e wá. Ẹ rẹ́nu kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ rẹ́nu bá ajá aládùúgbò sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré lẹ ò rẹ́nu sọ. Kódà kó jẹ́ ní Faransé! Ẹ ò tiẹ̀ lẹ bébà mọ́ agolo yẹn, kí ẹ kọ Ìdáàṣà sí i.

Mo kọ iṣu Tàǹtí láàárọ̀ yìí, iṣu ìlú Gilásúè tí ẹ máa ń ṣàárò. Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ fìlà yín wà. Aláwọ̀ eérú yẹn, onírun àgùntàn, tí ẹ kì í ṣí lórí nínú ilé pàápàá. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi nílẹ̀ Faransé, mi ò fọ̀ ọ́, nítorí ó ṣì ń rùn bíi yín. Mi ò tíì sọ fún Tàǹtí, kó má baà tún na ọwọ́ sí òfìfo. Tí mo bá padà, n óò tẹ́ ìwé ìròyìn sí orí itan bíi tiyín, n óò yí inú fìlà náà síta, lójú ìmọ́lẹ̀. Bí irun kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, n óò gbé yín wá kí odò tó kún.

Bí kò bá sì sí ńkọ́? Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, ẹ má ṣe dákẹ́ sí mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ kò sọ fún, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.