Ohun Tí Dókítà Hatim Kò Béèrè Lọ́wọ́ Bàbá

Àǹtí Hàmídàt mi ọ̀wọ́n,

Èmi Samuel, àbúrò yín, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀gá pátápátá fún gbogbo akọ̀wé ìlú Jẹ́dà, ni mo mú bírò lọ́wọ́ yìí. Ọkọ̀ ojú omi mọ́kànlá ló dúró ní èbúté láàárọ̀ yìí tí wọn ò lè já ẹrù, èmi ni wọ́n ń retí kí n wá ka ìwé ẹrù fún wọn. Lárúbáwá tí mo gbọ́, àwọn tó ni ín gan-an ń wá yá a lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bá Bàbá lọ sí ọsibítù, èmi ni mo ṣe ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò sì já bọ́ lẹ́nu mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà fúnra rẹ̀ dìde, ó ní kí n wá jókòó sórí àga òun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Bàbá ti jókòó báyìí, ó ti wú ikọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní kí n má fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ òun, kí n má sì yọ nǹkan kan kúrò. Láti ibí lọ, òun ló ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ nìkan ni tèmi.

Hàmídàt, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ìwé ń wọ orí? Ṣé oòrùn Mẹ́kà kò tíì sọ ọ́ di ẹran yíyan? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yín ní Al-Abidiyah kì í jí ọṣẹ rẹ lò mọ́? Ọlọ́run tí ìwọ ń kí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, tí èmi ń kí lọ́jọ́ Ẹtì ní pálọ̀ pẹ̀lú fèrèsé títì, ọ̀kan náà ni, kò sì ní dójú ti àwa méjèèjì. O ò ní ka ìwé títí kí ìwé wá kà ọ́. Àlàájà ìyá mi tó tọ́ ọ dàgbà sínú ẹ̀sìn rẹ̀ l'Ẹdẹ, ibi tó sùn sí á máa tù ú lára, á sì máa ṣe àmín sí gbogbo àdúrà rẹ, torí nígbà ayé rẹ̀ kò ṣe àmín sí tèmi rí.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. Ọmọ mi, fóònù ti di olófòófó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mò ń sọ fún Kòfowórọlá ọ̀rẹ́ mi pé bàtà mi ti lu, kí n tó gbé itọ́ mì, fóònù ti gbé bàtà mẹ́rìndínlógún jáde, àti aláwọ̀ ewé àti èyí tó ń tàn yanranyanran. Ta ló sọ fún un? Ohun tó lè tú mi fó lórí bàtà, kí ni kò ní ṣe lórí ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Samuel kọ ọ́, kí Nojeem tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà fi í sápò wá fún ọ, torí Nojeem kò mọ̀wé kà bí èmi náà kò ṣe mọ̀ ọ́n kà, àṣírí wa bò. Èmi ìbá gbé e wá fúnra mi, ṣùgbọ́n o mọ ibi tí ọ̀nà ti pín, tí pátákó ní kí àwọn Mùsùlùmí máa lọ tààrà, kí irú tèmi yà. Lọ́jọ́ tí mo sìn ọ́ dé ibẹ̀, mo juwọ́ sí ọkọ̀ rẹ títí apá fi ń ro mí, àṣé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni mò ń juwọ́ sí.

Ìyá rẹ ń kí ọ láti Ẹdẹ. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì. Ó sọ akọ inú wọn ní orúkọ mi, ó ní bó ṣe ń ké láìnídìí ló jọ mí. N kò bínú. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí o.

O rántí pé dókítà Hatim sọ pé ọ̀rá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń yìn mí ni, torí lábúlé wa, ẹni tó bá ní ọ̀rá lára, ayé ń yẹ ẹ́ ni. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán kí Samuel tó sọ fún mi pé àìsàn ni. Ó wá fún mi ní oògùn, kóró kan báyìí tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, pé kí n máa gbé ọ̀kan mì lálaalẹ́. Omi Sàmùsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà tí o fi ránṣẹ́, ni mo fi ń gbé e mì. Mo mọ̀ pé Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà kò mọ ẹ̀sìn tí mò ń ṣe, àyà rẹ̀ á já.

Mo ní kí Samuel ka bébà tó wà nínú páálí oògùn náà fún mi. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó ń lo oògùn yìí má mu ọtí lámujù, torí ẹ̀dọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ro ọ̀rọ̀ yìí. Àbẹ̀kẹ́, ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì tí wọn kò rẹ́, ṣé ó máa lé ọ̀kan jáde ni? Á pín ọjọ́ fún wọn ni. Mo pín in fún wọn. Oògùn ló ni alẹ́. Ọtí ló ni ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti dé láti èbúté. Láàárín àwọn méjèèjì, mo ń jẹ ìrẹsì àti ẹran dáadáa kó lè dúró bí ògiri, kí ọ̀kan má baà máa yọjú sí èkejì. Lọ́jọ́ Ẹtì tí a kì í lọ síbi iṣẹ́, mo ń tètè bẹ̀rẹ̀ ọtí láàárọ̀ kó lè tètè kúrò lọ́nà. Samuel ní apá ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, mo wá ń fi apá òsì sùn kí oògùn má baà ṣàn lọ bá a lójijì. Kò sí ọmọ dókítà kan tó lè tọ́jú ara ju bí mo ṣe ń tọ́jú ara mi yìí lọ.

O máa bi mí pé níbo ni mo ti rí ọtí ní ìlú yìí. Gbé etí rẹ wá. Kòfowórọlá ló ń ṣe é, omi èso àjàrà àti ṣúgà ló ń fi sínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ibùsùn mi, tó ń jókòó níbẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi gbóná. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́, ìkámà mi, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí, ti lọ nìyẹn. Kòfowórọlá tiẹ̀ ní kí n mú kẹ́ẹ̀gì Sàmùsámù rẹ wá, pé ta ló máa yẹ inú rẹ̀ wò. Mo ní rárá, ọ̀mùtí ni mí, n kò ya wèrè. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, a ń ṣe ìsìn wa jẹ́jẹ́ ní pálọ̀, Arábìnrin Péjú ń gbàdúrà pé kí iná Ẹ̀mí sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì náà bú gbàmù ní yàrá. Péjú ní ó ti sọ̀kalẹ̀. Kòfowórọlá ní ọlọ́pàá ni, ó sá wọ abẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ ló ti bá àwọn kẹ́ẹ̀gì yòókù tí wọ́n ń hó sí i létí. Títí di òní, yàrá mi ń rùn bí ilé ọlọ́tí, mo sì ń sun tùràrí tí aládùúgbò wa fún wa, àdúgbò wá rò pé mo fẹ́ di Mùsùlùmí, wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá.

Ìròyìn ayọ̀ ló kù báyìí. Ọsibítù ní èsì ẹ̀jẹ̀ mi ti jáde, pé inú fóònù ni kí n ti wò ó. Fóònù ní kí n kọ́kọ́ fi ojú mi hàn. Ó ní kí n yí orí sọ́tùn-ún, kí n yí i sósì, kí n la ojú, bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò. Mo kí i káàárọ̀, kò dáhùn. Nígbà tó gbà pé èmi ni mí, ó gbé èsì jáde. Ọ̀rá ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ti gòkè, Samuel ní ó ti fi ìlọ́po mẹ́ta ga ju ibi tó yẹ kó wà lọ, pupa ni wọ́n sì fi kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń fi pupa kọ ọjọ́ ọdún sínú kàlẹ́ńdà. Ohun tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ohun tó yẹ kó gòkè gòkè. Ẹ̀dọ̀ mi ti rí ìgbéga kí èmi alára tó rí i níbi iṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè pé dókítà ní kí n wá lọ́jọ́ Àìkú, agogo mẹ́wàá, kí n má ṣe yẹ̀ ẹ́, kí n sì mú ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa dání. Ó dá mi lójú pé ó fẹ́ fi mí han àwọn aláìsàn yòókù ni.

Ara ń rẹ̀ mí díẹ̀ o, n kò ní parọ́. Itan ń ro mí bí ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè lọ́jọ́ kan. Ìtọ̀ mi pọ́n bíi tíì, ṣùgbọ́n èmi náà ń mu tíì. Samuel ní ojú mi náà ti ń pọ́n bí ìyeyè, pé ìyá mi máa ń pe irú rẹ̀ ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Mo ní kó pa ẹnu mọ́, ẹ̀fọn Ẹdẹ kò ní físà.

Má sì sọ pé ọtí ni. Dókítà Hatim mọṣẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá mò ń fa sìgá. Ó bi mí iye ẹyin tí mò ń jẹ. Ó bi mí irú ikú tó pa bàbá mi, mo ní igi ọ̀pẹ ni, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò béèrè ọtí rí. Rò ó wò, ẹni tó béèrè bí mo ṣe ń sùn, ṣé ó máa gbàgbé ọtí bí ọtí bá jẹ́ nǹkan kan? Ohun tí dókítà kò bá béèrè kì í pa ènìyàn. Lọ́jọ́ tó bá bi mí, mo fi Ọlọ́run búra, màá sọ òtítọ́ fún un, torí n kò ní gbé ìkámà wọ sàréè.

Má ṣe wàhálà láti wá o, mo mọ̀ pé ìdánwò ti dé tán. Samuel á ṣe ògbufọ̀ bó ṣe ṣe é nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nínú owó tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún yín, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Nojeem, fún oògùn àti àwọn ohun kéékèèké inú ilé. Fi Sàmùsámù kún un, ó ti tán. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ti ń rìn. O máa gba ìwé ẹ̀rí níṣojú mi, màá sì mọ ọkọ̀ rẹ lọ́jọ́ náà tí n óò juwọ́ sí.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, Gbóyèga.

Àǹtí mi, Bàbá ti wọ balùwẹ̀, èmi Samuel ló kù. Ẹ má fi owó ránṣẹ́. Àwọn ohun kéékèèké inú ilé yẹn, ṣúgà ni.

Ọkọ̀ mọ́kànlá yẹn, irọ́ ni. Ọkọ̀ kan ni mo rí, láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń lọ ni. Dókítà kankan kò dìde fún mi. Lárúbáwá mi kò ju ti ọ̀dọ̀ onísọ̀ọ̀bù lọ: èló ni, ó ti wọ́n jù, ó yá ká lọ. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé irọ́ nìwọ̀nyẹn, ẹ sì ti rẹ́rìn-ín. Èyí tí ẹ ò mọ̀ rèé. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ò já bọ́ lẹ́nu mi lọ́sibítù. Ọ̀kan já bọ́.

Dókítà béèrè. Ó béèrè ọtí, nígbà tó rí i pé mò ń wò ó bí ẹja, ó gbé ọwọ́ sẹ́nu bí ẹni tó ń da ife. Bàbá ń wo àwòrán ọkàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mi ò bi Bàbá. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú dókítà ni mò ń wò, mo rò pé ohun tó bá tẹ̀ síbẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń lọ tààrà, kí wọ́n gba ìkámà, kí gbogbo wa sì bá ara wa l'Ẹdẹ lọ́dọ̀ ewúrẹ́. Mo ní *lā*, rárá. Bàbá bi mí pé kí ni dókítà wí, mo ní ó ní kí ẹ máa mu omi dáadáa. Ìdí nìyẹn tí Sàmùsámù fi tètè tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ bi Bàbá, kì í ṣe èmi. Ẹ gbọ́ ohun tó fi búra lókè yẹn, bí wọ́n bá bi í, á sọ ọ́. Bí ìdánwò kò bá sì jẹ́ kí ẹ wá, màá sọ ọ́ fúnra mi. Mo ti lọ bá Hatim, kì í ṣe dókítà o, Hatim ọmọ onísọ̀ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa, ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni. *Náàmù.* Mo ti ń sọ ọ́ níwájú dígí láti àná. Èyí kì í ṣe irọ́: kò tíì dún dáadáa lẹ́nu mi.

Àbúrò yín, Samuel, tí kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni.