Ta Ni Ọ̀gá Tó Yọ̀ǹda Ẹlẹ́rìn-ín?

Mọ́ńdè, 1 Òkítóbà 1956. Ìfọ̀.

Alhamudulilahi, ó ti yanjú. Bàbá Sàlàkọ́ ti yọ̀ǹda ilé ẹ̀ tí wọ́n ń kó obì sí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìdíkọ̀ rélùwéè. Káfíńtà, télọ̀, onítánńganran, aránbàtà — gbogbo wa nínú ṣẹ́ẹ̀dì kan, lábẹ́ páànù kan, bẹ́ǹṣì ńlá kan láàrin, irinṣẹ́ tí a ó jọ máa lò. Èmi Láwàl káfíńtà ni mo rò ó. Látìgbà tí mo ti rí irú ẹ̀ l'Ébúté Mẹ́ta ni mo ti ń pariwo ẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n ní àlá ni mò ń lá. Àlá ọ̀hún rèé.

Jímọ̀ 19 la ó yan olórí. Ta tún ni bí kò ṣe èmi?

Wẹ́sìdeè, 3 Òkítóbà

Káfíńtà kan dé láti Owódé. Mùsáfírù. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bàbá Sàlàkọ́ ní kó dara pọ̀ mọ́ wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi — "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá mi." Bàbá ta? Mélòó ni mo fi jù ú lọ? Ẹ̀rín ló ń rín ṣáá, bí ẹni tí wọ́n ń rin ní gìgísẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni n óò máa pè é níbí.

Sátidé, 6 Òkítóbà

Ẹlẹ́rìn-ín kan ìṣó mọ́ ògiri, ó wá fi ẹfun ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìṣó tiẹ̀, pé ẹni tó bá lò ó tán kó dá a padà sójú àwòrán ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya wèrè! Bàṣírátù télọ̀ ní, "Háà, ọpọlọ ń bẹ." Gbogbo ìṣó tí èmi ti kàn láyé mi, ta ló pàtẹ́wọ́?

Sọ́ńdè, 7 Òkítóbà

Àwòrán ayùn yẹn ò tiẹ̀ jọ ayùn.

Túsìdeè, 9 Òkítóbà

Ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì, èmi ni mò ń kàn án. Mo gbé e dúró lónìí. Ẹlẹ́rìn-ín wá, ó fọwọ́ pa á, ó ní ó dáa gan-an, àmọ́ ṣé kò ní máa gbá bẹ́ǹṣì tó bá ń ṣí sínú? Kí ó kúkú máa ṣí síta. Òótọ́ ni. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Mo ní kó lọ wá ilẹ̀kùn tiẹ̀ kàn. Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo tú u, mo yí i síta.

Àsmá'ù ìyàwó mi rí mi nígbà tí mo délé, tí mò ń dá sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ń rò pé obìnrin nìkan ló ń jowú, ṣé wọ́n ti gbé orogún wá bá ọkọ òun ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín, ẹ̀rín, gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín.

Tọ́sìdeè, 11 Òkítóbà

Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè, ó ń béèrè ṣẹ́ẹ̀dì Mùsáfírù. Lọ́wọ́ mi! Ṣẹ́ẹ̀dì Mùsáfírù! Mo ní mi ò mọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn mi gan-an ló wà.

Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.

Mọ́ńdè, 15 Òkítóbà

Ọlọ́run kì í sùn! Mùnírátù tó ń gbé gààrí wá láti Owódé dúró kí mi. Ó rí Ẹlẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán. "Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ iṣẹ́ olóògbé Màmúdù rèé! Ó mà ṣe o, bàbá yẹn kú kó tó yọ̀ǹda ẹ̀."

Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún un sọ. Háà! Kò sí ọ̀gá tó gbàdúrà fún un, kò sẹ́ni tó gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lójú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ ṣì ni títí di òní olónìí. Ọmọ iṣẹ́ kì í dá dúró, áḿbọ̀sí kó jẹ olórí.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó di Jímọ̀, lójú gbogbo wọn. Mo jẹun yó lónìí.

Wẹ́sìdeè, 17 Òkítóbà

Ẹlẹ́rìn-ín kí mi láàárọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i.

Jímọ̀, 19 Òkítóbà



A kírun tán, gbogbo wa péjọ. Bàbá Sàlàkọ́ ní ta la fẹ́. Bàṣírátù dárúkọ Ẹlẹ́rìn-ín, àwọn kan ti ń mi orí pé àwọn gbà. Mo dìde. Mo ní kó tó di ti olórí, ìbéèrè kan péré ni mo ní: ọ̀gá wo ló yọ̀ǹda ẹ̀? Mo ń wo ẹnu ẹ̀, mo fẹ́ rí bí ẹ̀rín yẹn ṣe máa kúrò níbẹ̀.

Ó kúrò lóòótọ́. Omi ló wá dípò ẹ̀, lójú. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní orí iṣẹ́ ni Màmúdù ṣubú sí, pé láti ọjọ́ náà lojú ti ń ti òun, òun ò mọ ẹni tí òun lè bẹ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀ síwájú mi nínú eruku pákó. Ó ní, "Bàbá mi, ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń wá ẹnu tí n óò fi bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda mi."

Bàbá mi. Ìdí tó fi ń pè mí bẹ́ẹ̀ rèé.

Ariwo sọ. Bàbá Sàlàkọ́ ń nujú. Kí ni kí n wí? Mo kọ̀ ọ́ kẹ̀? Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀ o.

Mo mú ìfági mi, èyí tí ọ̀gá tèmi gbé lé mi lọ́wọ́, mo fi lé òun náà lọ́wọ́. Mo gbàdúrà. Àdúrà kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá kankan ò gbọdọ̀ fò: "Wàá jù mí lọ." Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá Sàlàkọ́ ní àwọn ò gbọ́. Mo tún un wí, sókè. Wọ́n ṣe àmín, páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Òun fúnra ẹ̀ ló ní èmi ni kí wọ́n fi jẹ olórí, pé ọmọ iṣẹ́ kì í jókòó níwájú ọ̀gá ẹ̀. Gbogbo wọn gbà. Ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kò dùn lẹ́nu.

Sátidé, 20 Òkítóbà

Pátákó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Láwàl ni Olórí." Òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo dúró síbẹ̀, mo wá àléébù sí i títí. Kò sí. Èmi ò lè gbẹ́ irú ẹ̀ láéláé.

Àná la gbàdúrà. Ó ti gbà.