Ṣé Ẹni Tí Kò Yìnbọn Lè Jẹ́ Ákítọ̀?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, àwa ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

A wo fíìmù kábọ́ì kan ní sinimá. Ákítọ̀ rẹ̀ lépa ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la aṣálẹ̀ já. Nígbà tó bá a, ó dá a sí. A kò tíì rí ìgboyà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó níwájú figbe ta: "Kò yìnbọn kẹ̀! Eléyìí kì í ṣe ákítọ̀, múmù ni!"

Ọ̀rẹ́ wa kan ń sunkún níbẹ̀. Wọ́n gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa ní Liverpool Road tó wà nítòsí wa níbí, ó sì ti búra pé òun yóò gbẹ̀san. Lọ́jọ́ kejì tí a wo fíìmù náà, ó ju ọ̀bẹ tó fẹ́ fi gbẹ̀san sódò. Ní báyìí, àdúgbò ń pè é ní ojo, ìtìjú sì ń dà á láàmú.

Ó ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó ra ọ̀bẹ mìíràn.