Mò Ń Bọ̀

Ìyá mi,

Ẹ bá mi jó! Mo yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣe fún àwa nọ́ọ̀sì tó wá láti òkèèrè. Láti ọjọ́ Ajé, inú wọ́ọ̀dù gan-an ni n ó ti máa ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ má bèèrè ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ọwọ́ mi ló sì ń mú un mọ́.

Díẹ̀ ló kù kí n bà á jẹ́. Mo gbàgbé káàdì ìdánimọ̀ mi síta. Mo bá dìde, mo ní "I'm coming" bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, mo sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá tó ń dán wa wò bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ tó ń lọ yìí, ìwọ ló ń bọ̀?"

Nígbà tí mo padà wọlé, ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ní "will" ni ti ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu, "going to" ni ti èyí tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, "I'm coming" sì ni ti ẹni tó ti mú ọjọ́. Ó ní òun ò tíì gbọ́ ọ kó yé òun tó báyìí rí. Ó wá bi mí pé ìgbà wo ni n ó wá kí yín nílé. "Going to" ni mo fi dá a lóhùn, ó sì fún mi ní máàkì.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kọ̀wé sí yín pé mò ń bọ̀. Ṣé irọ́ ni? Mo rò ó títí. "Mò ń bọ̀" ti Yorùbá ò kúkú bèèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi àti ìyá télọ̀. Ẹ ní nọ́ọ̀sì ń kí wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bọ̀.